Ilé Kedleston àti Òfin Tí Ó Ń Ṣọ́ Ọ

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí àwọn baba wa pa òwe yìí, kì í ṣe ògiri àti òrùlé ni wọ́n ní lọ́kàn bí kò ṣe ìdílé àti ipò tí ìdílé wà. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá rìn dé àwọn ilé ńláńlá tí àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sí àárín oko wọn ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, yóò rí i pé àwọn náà mọ ohun tí òwe yìí ń wí, nítorí pé ògiri àti òpó ni wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Kedleston Hall. Ó wà ní nǹkan bí máìlì mẹ́rin sí ìlú Derby, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ wa nínú ilé òyìnbó? Ìdáhùn mi kò gùn. Èkíní, èdè tí a kò bá lè fi ṣe lámèyítọ́ ohun tí ó jìnnà sí wa, èdè tí a ti há mọ́ inú ilé ni. Èkejì, òfin tí a fi ń ṣọ́ ohun àtijọ́ ní Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbà á. Ní ọdún 1953 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin kan lórí rẹ̀. Ní ọdún 1956 ni wọ́n kọ orúkọ Ilojo Bar, ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ sí gbàgede Tinúbú ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1855, mọ́ àwọn ilé tí òfin ń ṣọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó ilé náà palẹ̀ pátápátá. Ẹni tí òfin rẹ̀ kò gba ilé rẹ̀ là, ó yẹ kí ó lọ wo bí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe nílé ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìlú Ọba ni mo kọ́kọ́ dé Kedleston. Ọjọ́ náà tutù, òjò sì ń rọ̀ wínníwínní. Ẹni tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà àríwá wọlé kì í tètè rí ilé náà. Ọ̀nà a máa yí kiri láàárín igi, a sì gun afárá òkúta kan tí ó la adágún omi kọjá, kí ilé náà tó yọ síni lójijì lórí pápá. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ẹni tí ó bá rí Kedleston kò lè sọ pé òun rí ilé fìrí. Iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 350 ẹsẹ̀ bàtà.

Ìdílé Curzon ti wà lórí ilẹ̀ náà fún ohun tí ó lé ní 700 ọdún. Ní ọdún 1758 ni Nathaniel Curzon jogún rẹ̀. Ilé kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé bíríkì pupa tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1700, tí kò tíì gbó rárá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí wó o. A máa ń wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ti Curzon kò tilẹ̀ jó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wó o kí ẹwà lè bù sí i. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilé tuntun ní ọdún 1759, nígbà tí ó sì di ọdún 1761 ọba fi í jẹ oyè Baron Scarsdale.

Ayàwòrán ilé mẹ́ta ni ó lọ́wọ́ sí i. Matthew Brettingham ni ó bẹ̀rẹ̀, James Paine ni ó tẹ̀ lé e, Robert Adam, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó sì wá gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Adam ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé ní ọdún 1758 ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọkàn rẹ̀ sì kún fún àwókù ilé àwọn ará Róòmù tí ó ti wọ̀n tí ó sì ti yà sínú ìwé. Àwọn ilé kéékèèké inú ọgbà ni Curzon kọ́kọ́ gbé fún un. Láìpẹ́, ilé ńlá náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn agbaṣẹ́ṣe ti ń gba iṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ìlú tiwa kò ní í béèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Bí wọ́n ti yà á sórí ìwé, ilé ńlá kan ni yóò wà láàárín, ilé kéékèèké mẹ́rin yóò sì wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó tẹ̀ bí ọrun yóò sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ti àárín. Ọ̀dọ̀ Palladio, ayàwòrán ilé ará Ítálì ti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni àwòṣe náà ti wá. Méjì péré ni wọ́n kọ́ nínú mẹ́rin, àwọn méjì tí ó wà ní ìhà àríwá. Inú ti ìlà-oòrùn ni ìdílé ń gbé; inú ti ìwọ̀-oòrùn ni ilé ìdáná wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyànjú kan tí wọ́n kọ sókè ibi ìdáná pé kí ènìyàn má fi nǹkan ṣòfò kí ó má ba à ṣe aláìní. (Inú irú ilé yìí ni wọ́n kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí!) Ta ni wá ń gbé inú ilé ńlá àárín? Kò sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ fún àlejò, fún àwòrán àti fún ère. Yàrá ibùsùn kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, tí wọ́n gbẹ́ òpó ibùsùn rẹ̀ bí igi ọ̀pẹ tòun timọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́lá tí ó bá yà wọ́n ni wọ́n ṣe é dè. Àwa tí a mọ ààfin mọ̀ pé bí ó ti wù kí kọ̀bì tóbi tó, ẹnìkan ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Kedleston, kọ̀bì ni ó jẹ gbogbo ilé tán.

Ohun tí ó yẹ kí alámèyítọ́ kọ́kọ́ mọ̀ nípa ilé náà nìyí, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń yìn ín ni ó ń yìn ín bí ẹni pé ibùgbé ni, tí àwọn tí ń bú u sì ń bú u fún ìdí kan náà.

Iwájú ilé náà tí ó kọjú sí àríwá, iṣẹ́ Paine ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Òpó gàgàrà mẹ́fà ni ó dúró níwájú, wọ́n gbé orí ilé onígun mẹ́ta, ère sì dúró lórí rẹ̀. Ó gún, ó tò, kò sí ibi tí ojú lè tọ́ka sí pé àṣìṣe nìyí. Síbẹ̀ n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ń kí ni láìwo ojú ẹni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wọlé ná. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Gbọ̀ngàn Mábù gùn ní 67 ẹsẹ̀ bàtà, ó fẹ̀ ní 37, ó sì ga tó 40. Ogún òpó ni ó tò sí ọ̀tún àti sí òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 25. Òkúta alabásítà láti Nottinghamshire ni wọ́n fi ṣe wọ́n, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, iṣan funfun àti ti dúdúdúdú sì ń gba inú rẹ̀ kọjá tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí òpó méjì tí ó jọra. Kò sí fèrèsé lára ògiri tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé. Láti òkè ni ó ti ń bọ̀. Ohun tí Adam ń fi wé ni àgbàlá ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí ó ṣí sí ojú ọ̀run. Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ojú ìwé púpọ̀ ṣàlàyé èyí. Ẹni tí wọ́n bí sínú agbo ilé ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé kankan: ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rí nígbà tí ó bá bọ́ láti òkè sí àárín òpó.

Láti ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń bọ́ sínú yàrá roboto tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 62, òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, pẹ̀lú ojú kan ní àárín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Tẹ́ḿpìlì Pantheon ti Róòmù ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nínú yàrá yìí ni mo ti gbà pé Adam mọ iṣẹ́. Kì í ṣe nítorí pé ó fara wé Pantheon, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó àti okùn ìwọnlẹ̀ lè fara wé e, bí kò ṣe nítorí ipò tí ó fi yàrá náà sí. Ojú tí ó ti ń sáré lọ síwájú láàárín ogún òpó dúró lójijì, kò rí igun kan tí yóò sinmi lé, ó sì di dandan fún un láti gbòkè. Ẹsẹ̀ ènìyàn pàápàá a dúró. Mo rí àwọn ọmọdé ilé ẹ̀kọ́ tí ń pariwo bọ̀ láti inú gbọ̀ngàn; bí wọ́n ti dé ibẹ̀ ni wọ́n dákẹ́, tí olùkọ́ wọn kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yìn ilé, tí ó kọjú sí gúúsù, iṣẹ́ Adam ni. Ẹnubodè ìṣẹ́gun tí wọ́n kọ́ fún ọba Constantine ní Róòmù ni ó gbé wá síbẹ̀, òpó mẹ́rin dúró síwájú ògiri, ère dúró lórí wọn, òrùlé roboto sì yọ lẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè Látìn, pẹ̀lú ọdún 1765, pé Baron Scarsdale kọ́ ọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ogun bọ̀ ni àwọn ará Róòmù ń kọ́ irú ẹnubodè bẹ́ẹ̀ fún. Ogun wo ni Scarsdale jà? Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ti tún un rò láti ìgbà náà. Adam fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn náà pé ilé tí ó dára yẹ kí ó ní ìrìn, kí apá kan yọ síwájú kí òmíràn fà sẹ́yìn, bí òkè àti àfonífojì ti ń ṣe. Ẹ̀yìn ilé yìí ń rìn. Iwájú rẹ̀ ni ó dúró sójú kan. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kọ́ àwọn ilé igun méjì tí ó kù, bóyá ìrìn náà ì bá dé òpin rẹ̀. Bí ó ti wà nísinsìnyí, ògiri pẹlẹbẹ ni ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì ẹnubodè náà, bí ẹni tí ó wọ agbádá tí kò ní apá.

Ní ọdún 1777 ni Samuel Johnson dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Boswell. Kì í ṣe Johnson ti Ọ̀yọ́ tí ó kọ ìtàn Yorùbá ni mo ń wí. Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ní ọdún 1755 ni. Ó wo ilé náà yíká, ó sì ní yóò dára fún gbọ̀ngàn ìlú: kí àwọn adájọ́ jókòó sí àárín àwọn òpó, kí àwọn ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ wà nínú yàrá roboto, kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì wà lókè. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀gàn sì wà nínú ẹ̀fẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí ó tún sọ òtítọ́ jù ú lọ nípa ilé yìí. Ilé tí a kọ́ fún ojú ará ìta, tiwọn ni ní ọ̀nà kan. Obìnrin olùtọ́jú ilé ni ó mú àwọn àlejò wọ̀nyẹn káàkiri. Mary Garnett ni orúkọ olùtọ́jú ilé ìgbà náà, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ilé náà títí di òní, ìwé afinimọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo àwòrán tí ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n rà ní owó ńlá láti Ítálì, òun ni ó wù mí jù.

Ilé náà kò dúró sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Láàárín ọdún 1799 sí 1803, Wellesley, tí í ṣe Gómìnà Àgbà ní Íńdíà, kọ́ ilé ìjọba sí Calcutta, Charles Wyatt ni ó yà á, Kedleston ni ó sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní Calcutta, ilé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n kọ́ pé. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ní Derbyshire, Íńdíà ni wọ́n ti parí rẹ̀, owó ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìtàn, ẹ fi àwòrán ilé méjèèjì hàn àwọn ọmọ yín pọ̀. Wọn kò ní í nílò àlàyé gígùn lórí ohun tí à ń pè ní ìjọba amúnisìn. George Nathaniel Curzon, tí wọ́n bí ní Kedleston ní ọdún 1859, ni ó lọ jẹ ajẹ́lẹ̀ àgbà ọba ní Íńdíà láti ọdún 1899 sí 1905, inú ilé Calcutta yẹn ni ó sì gbé, bí ẹni tí ó kúrò nílé tí ó tún bá ilé pàdé lọ́nà. Àwọn ohun tí ó kó bọ̀ láti Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ilé Kedleston fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n.

Ọkùnrin kan náà ni ó fẹ́ràn àti ṣọ́ ohun àtijọ́ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1904 ni ó ṣe òfin tí ó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́ ní Íńdíà. Nígbà tí ó padà sílé, tí ó gbọ́ ní ọdún 1911 pé wọ́n ti ń tú ilé olódi Tattershall, tí wọ́n ti yọ àwọn ibi ìdáná òkúta rẹ̀ láti tà, ó ra ilé náà, ó sì wá àwọn òkúta náà rí. Ariwo ọ̀rọ̀ Tattershall wà lára ohun tí ó fà á tí wọ́n fi ṣe òfin ohun àtijọ́ ti ọdún 1913. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1925, ó fi Tattershall àti Bodiam sílẹ̀ fún National Trust. Ó ṣeni ní kàyéfì pé òfin 1913 yẹn kò kan ilé tí ènìyàn ń gbé. Ẹni tí ó jà fún òfin kò rí ilé baba rẹ̀ fi sábẹ́ rẹ̀.

Òfin ìtòlú ti ọdún 1947 ni ó yí èyí padà, tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn ilé pàtàkì sínú ìwé. Nǹkan bí 400,000 ni ohun tí ó wà nínú ìwé náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Ipò mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí. Nínú 1,000, nǹkan bí 25 péré ni ó wà ní ipò kìíní, Kedleston sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọgbà tí ó yí i ká wà ní ipò kìíní nínú ìwé àwọn ọgbà pẹ̀lú. Ní ọdún 1987 ni National Trust gba ilé náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti National Heritage Memorial Fund, wọ́n sì fi apá kan sílẹ̀ fún ìdílé láti máa gbé. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ilé tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ wó o tàbí yí i padà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, ẹni tí yóò fún un láṣẹ sì gbọ́dọ̀ ro ó dáadáa. Òfin ọdún 1990 sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́ nǹkan sí ìtòsí, a gbọ́dọ̀ ro ti sàkání ilé náà mọ́ ọn.

Sàkání! Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dá ẹjọ́ sílẹ̀. Láàárín Kedleston àti Derby, ní Allestree, ilẹ̀ oko kan wà tí ó jẹ́ ti ìdílé Curzon nígbà àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé tí kò ní í ju 400 lọ síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Amber Valley kọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ sí ọ̀dọ̀ aṣàyẹ̀wò ìjọba, ní ọdún 2016 aṣàyẹ̀wò náà sì fún un láṣẹ. Ó gbà pé ilẹ̀ náà ti jẹ́ ti ìdílé náà rí, ṣùgbọ́n ó ní láìsí ìsopọ̀ tí ojú lè rí, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ ọ́ di ara sàkání ilé. Òótọ́ ni pé ojú kò lè rí i: igi wà láàárín, ìlà igi tí wọ́n dìídì gbìn ní ọ̀rúndún ogún kí ìlú Derby má ba à hàn sí ẹni tí ó wà nínú ọgbà. Aráàlú kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ní ọdún 2017, Adájọ́ Lang fagi lé àṣẹ náà. Ó ní aṣàyẹ̀wò ti sọ ìtumọ̀ sàkání di kékeré jù, nítorí pé ìtàn àti ọrọ̀ ajé lè wà nínú rẹ̀ bí ohun tí ojú rí ti wà. Ní ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ yìí dà. Adájọ́ Lindblom gbà pé kì í ṣe ojú nìkan ni a fi ń wọn sàkání, ṣùgbọ́n ó ní aṣàyẹ̀wò kò ṣi òfin lò: ó ti ro ti ìtàn náà, ó sì ti pinnu bí ó ti tọ́ lójú ara rẹ̀. Àṣẹ kíkọ́lé padà sí ipò rẹ̀.

N kì í ṣe agbẹjọ́rò, nítorí náà n kò ní sọ ẹni tí ó mọ òfin jù nínú àwọn adájọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti mímọ ohun tí ilé kan jẹ́, Adájọ́ Lang ni ó sún mọ́ Kedleston jù. A ti rí i pé ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé ni. Kò gbin nǹkan, kò hun nǹkan, kò tà, kò rà. Owó ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń san lọ́dọọdún ni ó di òpó alabásítà. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ oko wọ̀nyẹn kò sí lára ilé náà nítorí pé ojú kò rí wọn láti ojú fèrèsé, kí ó rántí pé ìpìlẹ̀ ilé kì í hàn, kò sì sí ọ̀mọ̀lé kan tí yóò sọ pé kò sí lára ilé.

Bí ó ti rí nìyí, ṣùgbọ́n bí a bá ti ní ìtàn ni kí a fi wọn sàkání, a kò lè yan èyí tí ó wù wá nínú ìtàn kí a sì fi ìyókù sílẹ̀. Abúlé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́ tí Curzon wó. Kedleston ni orúkọ abúlé náà. Òun ni ó ni orúkọ tí ilé ń jẹ́. Ọ̀nà ọba gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọgbà fún ilé tuntun, wọ́n kó abúlé náà kúrò, wọ́n sì darí ọ̀nà gba ibòmíràn, kí ohun kan má ba à dí ojú ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọn kò lè wó, nítorí pé àwọn baba Curzon sùn sínú rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ó fara ti ẹ̀gbẹ́ ilé ńlá náà bí àlejò tí wọ́n gbàgbé láti sin dé ẹnu ọ̀nà. Pápá tí òfin ń ṣọ́ ní ipò kìíní, pápá tí wọ́n gbin igi láti dáàbò bo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀, ilé àwọn ènìyàn ni wọ́n kó kúrò kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn tí ń wá ibi tí wọn yóò gbé tún dé etí ilẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ náà sì tún di ti ojú ìwòran. Mo mọ̀ pé àwọn tí ó ta ko ilé 400 náà kì í ṣe ènìyàn búburú, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ yẹn ju àwọn tí ó fẹ́ kọ́lé sí i lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìtàn ilẹ̀ oko jẹ́ ẹ̀rí ní kóòtù ti pe ìtàn abúlé náà wọlé pẹ̀lú, bí ó pè é tàbí kò pè é.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ka àpilẹ̀kọ yìí kí n tó parí rẹ̀, ó sì ní bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí wọ́n yọ orúkọ ilé náà kúrò nínú ìwé kí wọ́n jẹ́ kí ó wó. N kò gbà fún un. Yàrá roboto yẹn nìkan tó fún mi láti kọ̀. Bí a bá sì wó ilé náà lónìí, abúlé kò ní padà. Ẹ̀rí pé wọ́n kó o kúrò nìkan ni yóò bá a lọ. Ohun tí mo ń béèrè kéré sí èyí, ó sì ṣòro jù ú lọ: pé kí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nípa ilé kan máa jẹ́ gbogbo ilé náà, kí ẹni tí ó bá kà pé òpó mẹ́fà wà níwájú rẹ̀ kà níbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹnu ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn wà níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí mo lọ síbẹ̀, kí n tó kúrò, mo béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé níbo gan-an ni abúlé náà wà. Ó dìde, ó bá mi jáde, ó sì na ọwọ́ sí orí koríko. Àgùntàn mélòó kan ń jẹ̀ níbẹ̀. Òjò ti dá. A jọ wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní òtútù ti mú òun, ó sì padà wọlé.